Òkú Orí Afárá àti Ìbéèrè Tí Kò Tán

Àwọn àgbà a máa wí pé bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ọ̀rọ̀ yìí bá eré amóhùnmáwòrán mu, pàápàá jù lọ eré tí ó dá lórí ìpànìyàn àti bí ọlọ́pàá ti ń tú àṣírí rẹ̀.

Ní ọdún 2011, àwọn ará Swídìn àti Dẹ́nmáàkì pawọ́ pọ̀ ṣe eré kan tí wọ́n pè ní Bron, èyí tí í ṣe Afárá. Nínú rẹ̀, a bá òkú obìnrin kan lórí afárá Øresund, ní ojú ààlà orílẹ̀-èdè méjèèjì gan-an. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá gbé e, òkú méjì ni ó jẹ́: apá òkè jẹ́ ti obìnrin olóṣèlú ará Swídìn, apá ìsàlẹ̀ sì jẹ́ ti aṣẹ́wó ará Dẹ́nmáàkì kan, tí ó ti kú ṣáájú láìsí ẹni tí ó kọbi ara sí ikú rẹ̀. Apànìyàn náà ránṣẹ́ pé òun fẹ́ fi hàn pé ènìyàn kò dọ́gba níwájú òfin.

Ní ọdún 2013, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé gbé eré yìí lọ sínú ihò abẹ́ òkun tí ó so ilẹ̀ wọn pọ̀. Ní ọdún kan náà, àwọn ará Amẹ́ríkà gbé e lọ sí ẹnubodè El Paso àti Ciudad Juárez ní Mẹ́ksíkò. Adájọ́ obìnrin ará Amẹ́ríkà ni apá òkè níbẹ̀. Ọmọbìnrin Juárez ni apá ìsàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò jọ ilẹ̀. Láti ọdún 1993 ni a ti ń ka àwọn obìnrin tí a pa ní Juárez, iye wọn sì ti ju ọgọ́rùn-ún lọ́nà púpọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2001, a rí òkú obìnrin mẹ́jọ nínú oko òwú kan. Ní ọdún 2009, Ilé-ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Amẹ́ríkà dá ìjọba Mẹ́ksíkò lẹ́bi nítorí mẹ́ta nínú wọn, pé kò dáàbò bò wọ́n, kò sì wádìí ikú wọn bí ó ti yẹ.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú eré ti Swídìn, ó hàn nígbẹ̀yìn pé ìwàásù apànìyàn náà kì í ṣe òtítọ́ inú. Ìjà tirẹ̀ pẹ̀lú ọlọ́pàá kan, nítorí aya, ni ó ń jà. Òǹwòran Malmö lè mí kanlẹ̀, kí ó sì lọ sùn. Àwọn ará Amẹ́ríkà kò yí èyí padà. Ṣùgbọ́n ní Juárez, bí ọwọ́ tilẹ̀ tẹ apànìyàn inú eré, ìbéèrè tí ó bi ayé ṣì wà nílẹ̀. Àwọn ìyá tí wọ́n ri àgbélébùú mọ́lẹ̀ nítorí ọmọ wọn kì í ṣe òṣèré. Ó wá dà bí ẹni pé a yá ẹkún wọn láti fi ṣe ìjà ọkùnrin kan lọ́ṣọ̀ọ́. Ní ọdún 2014, kí eré náà tó parí, àwọn tí ó ṣe é fi ìtàn Swídìn sílẹ̀, wọ́n sì tọ ipasẹ̀ owó àti àwọn oníṣòwò oògùn olóró. Ìyẹn sàn jù.

A kò wí pé yíyá eré burú. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù àyáwọ̀, bí kò bá fún ni lápá, yóò ṣò lọ́rùn. Ẹni tí yóò bá yá irú eré yìí wá sí ilẹ̀ tirẹ̀, kí ó má ṣe yá òkú nìkan. Kí ó kọ́kọ́ béèrè pé: ní àárín wa níhìn-ín, ikú ta ni a kò wádìí?