Ara Kò Jẹ̀bi, Ṣòkòtò Ló Yẹ Ká Tún Gé

Ọ̀rọ̀ ṣòkòtò ọkùnrin la gbé dé lọ́sẹ̀ yìí. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ìyàwó ló ń ra ṣòkòtò fún ọkọ, ìyá ló ń rà á fún ọmọ, ọmọ tó ti ń ṣiṣẹ́ ló ń rà á fún bàbá. Bí ara ẹni tí à ń rà á fún bá rí bíi ti ọ̀pọ̀ èèyàn, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí bàbá bá ní ikùn ńlá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tín-ín-rín ńkọ́? Bí ọmọ bá ní itan ńlá bíi ti ẹni tó ń ja gídígbò, tí ìbàdí rẹ̀ sì kéré ńkọ́? Bí ẹsẹ̀ kan bá gùn ju èkejì lọ ńkọ́? Wọn á wọ ọ̀kan wò, kò ní gba itan. Wọn á mú èyí tó tóbi, yóò máa já bọ́ nídìí. Nígbẹ̀yìn, ọkùnrin náà á gbà pé ara òun ni kò dáa. Ẹ ó rí i lóde àríyá, kò ní fẹ́ dìde jó, bí wọ́n bá sì fẹ́ ya fọ́tò, ẹ̀yìn àwọn yòókù ni yóò sá sí.

Ara rẹ̀ kò jẹ̀bi. Wọn kò gé ṣòkòtò náà fún un ni.

Kí ló ń fa wàhálà yìí?

Orí èjìká ni bùbá àti agbádá rọ̀ sí, wọn kì í bá ikùn tàbí ìdí jà. Ṣòkòtò ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ìbàdí, ìdí, itan, orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ mu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń rán an lọ́pọ̀ yanturu kì í wo ara ẹnì kan. Bí wọ́n bá ṣe ń fẹ ìbàdí sí i ni wọ́n ń fẹ itan àti ẹsẹ̀ sí i. Bí oníkùn bá ra èyí tó gba ikùn rẹ̀, ẹsẹ̀ ṣòkòtò á máa fẹ́ lẹ́lẹ́ bí àsíá. Bí onítan ńlá bá ra èyí tó gba itan rẹ̀, ọwọ́ méjì á wọ ìbàdí rẹ̀ lẹ́yìn.

Ìwọ̀n kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí: láti ìbàdí wá sí ibi tí ẹsẹ̀ ṣòkòtò méjèèjì ti pàdé. Bí ibẹ̀ bá kúrú jù, ṣòkòtò á máa fún èèyàn lábẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì máa wálẹ̀ bó bá ti jókòó. Bó bá gùn jù, á rọ̀ bí àpò òfìfo. Ọ̀nà tó rọrùn láti wọ̀n ọ́n nìyí: kí ẹni náà jókòó lórí àga pákó, kí ẹ sì fi tépù wọ̀n ọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́, láti ibi tí yóò ti de bẹ́líìtì títí dé orí àga. Ẹ fi íǹṣì kan kún un kí ara lè mí.

Ibi tó tóbi jù ni ká kọ́kọ́ wò

Ìlànà kan ṣoṣo ni ẹ bá mú nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ mú èyí: ẹ ra ṣòkòtò tó gba ibi tó tóbi jù lára ẹni náà, kí télọ̀ wá fún ibi yòókù. Fífún ìbàdí ní íǹṣì kan tàbí méjì láti ẹ̀yìn kò nira. Mímú kí ẹsẹ̀ tín-ín-rín díẹ̀ kò nira, gígé ẹsẹ̀ kúrú náà kò nira. Ṣùgbọ́n kí aṣọ tó kéré tó lè di ńlá, ó dọwọ́ èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú ojú rírán. Ẹ yí ṣòkòtò síta kí ẹ tó sanwó, kí ẹ wo ojú rírán ẹ̀yìn. Bí aṣọ bá ṣẹ́ kù síbẹ̀, télọ̀ lè tú u. Bí kò bá sí, ẹ gbé e sílẹ̀ fún onítọ̀hún.

*Oníkùn ńlá, ẹsẹ̀ tín-ín-rín.* Ọ̀pọ̀ wọn ń de bẹ́líìtì sábẹ́ ikùn. Ikùn á wá tì í wálẹ̀, wọn á sì máa fà á sókè látàárọ̀ dalẹ́. Bó bá ṣeé ṣe, kí ṣòkòtò dé ìdodo, kí iwájú rẹ̀ gùn tó láti gun orí ikùn. Okùn tí à ń gbé kọ́ èjìká máa ń di irú ṣòkòtò bẹ́ẹ̀ mú ju bẹ́líìtì lọ, nítorí pé ikùn kò ní ibi tí bẹ́líìtì lè dì mọ́. Bí bàbá bá sì fárí pé abẹ́ ikùn lòun ń fẹ́, ẹ sọ fún télọ̀ kó gé iwájú wálẹ̀ díẹ̀, kó sì gbé ẹ̀yìn sókè, kí ìdí má bàa hàn nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀. Pílíìtì kan tàbí méjì níwájú á là nígbà tó bá jókòó, á sì tún padà nígbà tó bá dìde. Ní ti ẹsẹ̀, kó sọ̀ kalẹ̀ tààrà láti itan, kó tín-ín-rín díẹ̀ péré nísàlẹ̀. Ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ pinpin á jẹ́ kó dà bíi pé wọ́n gbé ìkòkò ńlá ka orí igi méjì.

*Onítan ńlá.* Itan àti ìdí ni kí ẹ fi yan ṣòkòtò, kí ẹ fún ìbàdí lẹ́yìn náà. Bí ẹnu àpò ẹ̀gbẹ́ bá ń yà sílẹ̀ nígbà tó dúró, ìdí ṣòkòtò kéré nìyẹn, ìbáà jẹ́ pé ìbàdí rẹ̀ gbà á dáadáa. Itan tó ń fara kan ara wọn máa ń tètè jẹ aṣọ níbẹ̀. Kí télọ̀ fi ègé aṣọ kékeré kan sí ibi tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti pàdé, yóò pẹ́ kó tó ya.

*Ẹsẹ̀ kúkúrú, àyà gígùn.* Kí ẹnu ṣòkòtò kan bàtà lásán, kó má kó jọ sórí rẹ̀. Ẹ má ká ẹnu rẹ̀ síta. Kí ẹ̀wù má gùn kọjá ìdí. Àwọ̀ kan náà lókè àti nísàlẹ̀ máa ń jẹ́ kí èèyàn ga lójú.

*Ẹsẹ̀ tó tẹ̀ síta tàbí orúnkún tó ń gbá ara wọn.* Ẹsẹ̀ ṣòkòtò tó sọ̀ kalẹ̀ tààrà, tí aṣọ rẹ̀ wúwo díẹ̀, ló yẹ ẹ́. Aṣọ fẹ́lẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ara á máa tọ ọ̀nà tí ẹsẹ̀ tọ̀.

*Ẹsẹ̀ tí kò dọ́gba.* Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé pólíò abínibí ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní ẹkùn Áfíríkà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó bá jà nígbà náà lọ́hùn-ún ti di bàbá lónìí. Bí ẹsẹ̀ kan bá kúrú, kí wọ́n wọn ẹsẹ̀ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti ìbàdí dé ilẹ̀, pẹ̀lú bàtà tí yóò wọ̀ lẹ́sẹ̀. Bó bá ń wọ irin ẹsẹ̀, kí ẹnu ṣòkòtò gba irin náà kọjá. Ẹni tó ń lo àga onítáyà nílò ẹ̀yìn tó ga, iwájú tó rẹlẹ̀, àti ẹsẹ̀ tó gùn díẹ̀ sí i, nítorí pé ìjókòó máa ń fà á sókè. Kí wọ́n má ṣe àpò sẹ́yìn fún un, á máa dùn ún níbi tó jókòó lé.

Ní ọjà òkìrìkà

Yálà ní Katangówà ní Èkó ni ẹ ti ń rà á, tàbí Dantokpa ní Kútọnu, tàbí Kantamanto ní Àkúrà, kò sábà sí ibi tí èèyàn lè wọ ṣòkòtò wò. Ọ̀nà tí gbogbo wa mọ̀ ni ká dé bọ́tìnì rẹ̀, ká wé ìbàdí rẹ̀ mọ́ ọrùn, bí igun méjèèjì bá pàdé lẹ́yìn, ó gbà á nìyẹn. Èyí lè ṣiṣẹ́ fún ẹni tí ara rẹ̀ dọ́gba. Kò lè ṣiṣẹ́ fún oníkùn, kò sì sọ ohunkóhun nípa itan. Èyí tó dáa jù ni kí ẹ mú ṣòkòtò kan tó bá a lára mu dání láti ilé, kí ẹ tẹ́ ẹ lórí èyí tí ẹ fẹ́ rà, kí ẹ fi ìbàdí wé ìbàdí, itan wé itan.

Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà pẹ̀lú. 34/32 túmọ̀ sí ìbàdí 34 íǹṣì, ẹsẹ̀ 32 íǹṣì láti abẹ́ itan dé ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n 44 lára ṣòkòtò ilẹ̀ Faransé kì í ṣe íǹṣì. Tépù ni kí ẹ gbà gbọ́.

Bó bá jẹ́ aṣọ ìbílẹ̀ ni, ṣòkòtò olókùn ti bá wa yanjú ìdajì ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Okùn yẹn kì í béèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ikùn bá yọ, ẹ tú u. Bí aláwẹ̀ bá rù, ẹ fà á.

Nọ́ńbà tó ń parọ́

Ọ̀pọ̀ bàbá ló ń yangàn pé, “Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa, 34 ni mò ń wọ̀.” Òótọ́ ni. Ohun tí kò sọ ni pé bẹ́líìtì ti sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ ikùn láti ọdún wọ̀nyí. Ṣòkòtò kò yí padà, ikùn ló ti yí padà. Ìyàwó, ẹ fi tépù yí i ká ní agbedeméjì egungun ìhà tó kẹ́yìn àti egungun ìbàdí, kó má fa ikùn wọlé. Fún ọkùnrin, bó bá ti tó sẹ̀ǹtímítà 94, bí íǹṣì 37, ewu ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ti ń pọ̀ sí i. Bó bá kọjá 102, bí íǹṣì 40, ewu náà ti ga. Kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà wò. Bó bá sì jẹ́ pé ṣe ni ikùn ṣàdédé ń wú, tí ẹsẹ̀ náà ń wú, ẹ má dúró de télọ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ dé.

A kò ní kí ẹ fi èyí bú u o. Ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní “oníkùn àgbá” nínú ilé kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọn òun. Ọmọkùnrin tó sanra náà ń gbọ́ ẹ̀fẹ̀ tó pọ̀ tó nílé ìwé. Ẹ má fi ọjọ́ orí ra ṣòkòtò fún un, ẹ fi ìwọ̀n rà á, kí ẹ sì jẹ́ kí télọ̀ gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Ọmọ tí ṣòkòtò rẹ̀ kò fún lè sáré bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, àwọn àgbà ní inú àpò ṣòkòtò ló wà. Tépù kan, ṣòkòtò kan tó bá ara mu, àti télọ̀ àdúgbò tó ń fetí sílẹ̀, nǹkan tí ẹ nílò kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ télọ̀, kí bàbá jókòó, kó bẹ̀rẹ̀, kó gun àtẹ̀gùn kan. Bí kò bá fọwọ́ fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kankan, ẹ sanwó, kí ẹ máa gbé e lọ sílé.