Tíráfíkétọ̀ Kì í Ṣe Ọ̀ṣọ́



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹni tí ó rò pé owó oṣù àti àdéhùn iṣẹ́ nìkan ni ó yẹ kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ máa jíròrò lé lórí. Ọ̀rọ̀ tíráfíkétọ̀ ara ọ̀kadà ni: iná kékeré mẹ́rin, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, tí ó ń sọ fún ará ọ̀nà bóyá òsì ni a ń yà sí tàbí ọ̀tún. Èrò wa ni pé ohun èlò iṣẹ́ ni iná náà, kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Èrò wa sì ni pé bí a ti ṣe fi wáyà rẹ̀ pamọ́ ṣe pàtàkì bí iná náà fúnra rẹ̀. Oríṣi ìfipamọ́ méjì ni ó wà: ọ̀kan wà tí a fi ń dáàbò bo iṣẹ́ rere, ọ̀kan sì wà tí a fi ń bo iṣẹ́ búburú mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí ọ̀kadà ti ṣe di ọ̀ràn òṣìṣẹ́. Nígbà tí ìjọba gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP kalẹ̀ ní ọdún 1986, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ dá òṣìṣẹ́ dúró. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a dá dúró bẹ́ẹ̀ ni ó fi ìwọ̀nba owó tí ó kù sí wọn lọ́wọ́ ra alùpùpù, tí wọ́n sì fi ń gbé èrò kí ebi má baà pa ọmọ wọn. Ará ìlú mú orúkọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Okada Air, wọ́n fi sọ alùpùpù náà. Ní Kánò, achaba ni wọ́n ń pè é. Ní Kútọnu, zemidjan ni. Lónìí, kì í ṣe èrò nìkan ni ó ń gbé. Òṣìṣẹ́ ìlera ń gbé e lọ sí abúlé, olùkọ́ ń gùn ún lọ sí ilé ìwé, àwọn tí ń jíṣẹ́ ẹrù sì ń gùn ún káàkiri ìgboro láti òwúrọ̀ di alẹ́.

Àwọn kan ń wí pé, “Ọwọ́ ti tó, ẹni tí ó bá fẹ́ yà, kí ó na ọwọ́.” A kò lòdì sí ọwọ́ nínà, nítorí pé òfin ojú pópó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ọwọ́ òsì ni ó di kílọ́ọ̀ṣì mú. Ọwọ́ ọ̀tún ni ó di bíréèkì iwájú àti iná mọ́tò mú. Èwo ni ẹ óò fi sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá gbé èrò, tí ilẹ̀ ti ṣú, tí òjò sì ń rọ̀? Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni a ti ń wakọ̀ ní apá ọ̀tún ní ilẹ̀ yìí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń yà sí òsì ní láti la ojú ọ̀nà àwọn tí ń bọ̀ níwájú kọjá, nígbà tí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn sì lè máa gbìyànjú láti yà á sílẹ̀. Níbẹ̀ gan-an ni ọwọ́ méjèèjì wúlò jù lọ, ibẹ̀ náà sì ni ó yẹ kí iná ti bá ni sọ̀rọ̀.

Kí ni ó wá fà á tí ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kò fi ní tíráfíkétọ̀ mọ́? Bí ọ̀kadà bá ṣubú lẹ́ẹ̀kan, òun ni ó kọ́kọ́ ń ṣẹ́. Bí a bá sì rọ́pò rẹ̀, a máa ń lọ́ wáyà pọ̀ lásán, a ó fi ọ̀rá wé e, a ó sì tì í sí abẹ́ ìjókòó. Òjò kan, òjò méjì, iná náà ti kú. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Lẹ́yìn náà, ẹni tí ó ni ọ̀kadà yóò wí pé tíráfíkétọ̀ kò níláárí, bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé iṣẹ́ tí a ṣe sí i ni kò níláárí.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí iṣẹ́ náà ti yẹ kí ó rí. Ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà kúrò ní ẹnu bátìrì tí a kọ àmì ìyọkúrò sí. Ẹ mọ wáyà tí ẹ ń fọwọ́ kàn. Lórí ọ̀pọ̀ Honda àti àwọn tí a kọ́ bí i tirẹ̀ ní Ṣáínà, wáyà aláwọ̀ ọsàn ni ti òsì, èyí tí ó ní àwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́ ni ti ọ̀tún, aláwọ̀ ewé sì ni áàtì. Yamaha kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe fi ti ọ̀kan sọ ti èkejì. Gílóòbù ìdánwò ni kí ẹ fi wádìí.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ fíláṣà, ìyẹn àpótí kékeré tí ó ń mú kí iná ṣẹ́jú. Gílóòbù àtijọ́ sábà máa ń jẹ́ wáátì 10. Méjì ní ìhà kan jẹ́ wáátì 20. Iná LED tí ó kún ọjà báyìí kéré sí èyí lọ́pọ̀lọpọ̀. Bí a bá fi LED sí orí fíláṣà àtijọ́, yóò máa ṣẹ́jú wàràwàrà tàbí kí ó má ṣẹ́jú rárá, bẹ́ẹ̀ ni ìgbà 60 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan ni ìlànà àgbáyé fi lélẹ̀. Àwọn réwáyà kan máa ń fi rẹsísítọ̀ kún un. Rẹsísítọ̀ yìí a máa gbóná gidigidi. Ẹni tí ó bá wé e pọ̀ mọ́ wáyà lábẹ́ ìjókòó ti gbé ewu jókòó lé. Fíláṣà tí a ṣe fún LED ni kí ẹ rà. Bí iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá sì ń ṣẹ́jú pọ̀ lẹ́yìn náà, ó ṣeé ṣe kí iná àmì kan ṣoṣo tí ó wà ní ojú mítà máa gbé iná láti ìhà kan sí ìkejì. Réwáyà tí ó mọ iṣẹ́ yóò fi dáyódù méjì tún un ṣe.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ kan ìfipamọ́. Wáyà iwájú ni kí a kó wọ inú ike hẹ́díláàtì. Kí a tó dè é mọ́ra, kí a yí ọwọ́ ọ̀kadà dé òpin òsì àti òpin ọ̀tún, kí a lè mọ̀ bóyá wáyà ń fà. Wáyà ẹ̀yìn ni kí ó gba abẹ́ ìjókòó àti abẹ́ mọ́dígáàdì, nínú rọ́bà oníhò, jìnnà sí sàlẹ́ǹsà tí ń gbóná, sí ṣéènì àti sí táyà. Kí ó tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kí ó tó dé ojú ìsopọ̀, kí omi lè kán sílẹ̀ dípò kí ó ṣàn wọ inú rẹ̀. Òjé gbígbóná tàbí kìlíìpù gidi ni kí a fi so ó pọ̀, kì í ṣe ọ̀rá. Áàtì ni kí ó ní wáyà tirẹ̀, tàbí kí a ha ọ̀dà kúrò lára irin tí a óò dè é mọ́.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe fi ojú ìsopọ̀ pamọ́ sí ibi tí ọwọ́ kò lè dé. Ẹni tí yóò tú u wò lọ́la, òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ yín ni. Iṣẹ́ tí ó mọ́ lójú, tí ẹlòmíràn kò lè rí ìdí rẹ̀ mọ́, ẹ̀tàn ni.

Ta ni yóò san owó rẹ̀? Bí ọ̀kadà bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́, ilé iṣẹ́ ni. Ẹni tí ó sì ń gba owó ojoojúmọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń gun ọ̀kadà rẹ̀, òun náà ni ó yẹ kí ó ra iná sí i. Lóòótọ́, Òfin Ẹ̀san Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 ka ìpalára ní ọ̀nà àárín ilé àti ibi iṣẹ́ sí èyí tí òṣìṣẹ́ lè gba ẹ̀san lé lórí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gun ọ̀kadà tara rẹ̀ kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹnikẹ́ni lábẹ́ òfin náà. Kò sì sí ẹ̀san tí ó lè dá ẹsẹ̀ tí a gé padà.

Ẹ̀yin tí ẹ kò gun ọ̀kadà rí, ẹ má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò sunwọ̀n, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò níí jẹ́ kí a sùn lóru. Ọmọ yín ń jókòó lẹ́yìn ọ̀kadà lọ sí ilé ìwé. Ẹ̀yin náà ń jókòó lẹ́yìn rẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́.

Nítorí náà, ní ìpàdé ẹ̀ka yín tí ó ń bọ̀, yálà Kàdúná ni ẹ wà tàbí Jọ́ọ̀sì, Ìbàdàn tàbí Pọtá Hákọọ̀tù, ẹ dá àbá yìí. Kí ẹ̀ka pe réwáyà kan tí ó mọ iṣẹ́, kí ó fi ọjọ́ kan kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Kí a dáwó jọ ra fíláṣà àti iná lọ́pọ̀, kí iye rẹ̀ lè wálẹ̀. Kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé ìbéèrè wa sí àwọn agbanisíṣẹ́ pé ọ̀kadà tí iná rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ kì í ṣe ohun tí a lè fi rán òṣìṣẹ́ níṣẹ́. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.