Ẹ Jẹ́ Kí Bọ́ọ̀lù Sátidé Jẹ́ Ti Ọ̀rẹ́

Ẹ̀yin ọmọ Odùduwà, ọmọ káàárọ̀-oò-jíire tí ẹ tẹ̀dó sí Chicago, nísinsìnyí tí yìnyín ti yọ́ tán, tí koríko sì ti hù ní Washington Park, ọ̀rọ̀ sọ́fítíbọ́ọ̀lù tí àwọn kan nínú wa, lọ́kùnrin lóbìnrin, máa ń gbá ní òwúrọ̀ Sátidé tún ti délẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni àbá tí wọ́n gbé wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ wa, pé kí ẹgbẹ́ gba eré náà lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ tó dá a sílẹ̀, kí a yan alága àti akápò fún un, kí a bu owó lé olúkúlùkù lórí, kí a sì rán aṣọ kan náà. Èrò tiwa ni pé kí ẹgbẹ́ má dán an wò.

Eré yìí kò ti ọwọ́ ìgbìmọ̀ kankan wá. Ní ọjọ́ Ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ní ọdún 1887, ní ilé Farragut Boat Club, nínú ìlú Chicago yìí gan-an, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan péjọ, wọ́n ń retí ìròyìn bọ́ọ̀lù tí Yale àti Harvard ń gbá. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé Yale ló borí, tí inú ọ̀kan nínú wọn sì dùn dé ibi tí kò mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe mọ́, ó ju ògbólógbòó ìbọ̀wọ́ abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò lu ẹnìkejì, onítọ̀hún sì fi igi gbá a padà. George Hancock tó wà láàárín wọn ló di ìbọ̀wọ́ náà rogodo bí bọ́ọ̀lù, tó fa ilà sílẹ̀ yàrá, ni eré bá bẹ̀rẹ̀.

Chicago sì ní irú tirẹ̀ títí di òní. Níbòmíràn, ìnṣì 12 ni ìyípo bọ́ọ̀lù náà, àwọn tó ń mú un a sì máa wọ ìbọ̀wọ́; níhìn-ín, ìnṣì 16 ni, ọwọ́ lásán la sì fi ń hán an. Bí ó bá jẹ́ tuntun, ó le bí òkúta, ìka ẹlòmíràn a sì wú tí kò fi ní lè bu òkèlè iyán lálẹ́ ọjọ́ náà; ṣùgbọ́n bí a bá ti lù ú lálùbami díẹ̀, a rọ̀, kì í sì í fò jìnnà mọ́, èyí ló fi jẹ́ pé bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún lè bá ọmọ ogún ọdún dúró ní pápá láìtẹ́. Bọ́ọ̀lù kan, igi kan, ilẹ̀ tí kò tóbi: kí ni akápò fẹ́ máa ṣọ́ níbẹ̀?

Àwọn tó gbé àbá náà wá kò ro ibi. Wọ́n mọ̀ pé àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a bá bu owó, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó á jókòó sílé, á ní iṣẹ́ ló dí òun lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí a bá sì dìbò yan alága, ẹni tí kò wọlé á lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní òdìkejì pápá. (Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí aṣọ ẹgbẹ́jọdá, òde ìgbéyàwó kò wọ́n ní Chicago.)

Ohun tó ń pa eré náà ni àìsí ọ̀rọ̀ ẹnu tó dúró. Ẹni tó ń pe èèyàn jọ á kọ ìkésíni sórí WhatsApp láti Ọjọ́rú. Ẹnìkan á dáhùn pé, “Ẹ̀gbọ́n, mo ń bọ̀,” ẹlòmíràn á fi àwòrán àtàǹpàkò ránṣẹ́. Bí ilẹ̀ Sátidé bá mọ́, a kì í rí òun, a kì í rí àtàǹpàkò rẹ̀. A mọ̀ pé ẹnu iṣẹ́ òru ni nọ́ọ̀sì ti ń bọ̀, pé awakọ̀ takisí kò tíì fojú kan orun. Síbẹ̀, “n kò ní lè wá” kò wúwo lẹ́nu. Bí a kò bá sì pé mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí àwọn méjìlá tó dé bẹ̀rẹ̀: kí wọ́n pa apá ọ̀tún pápá tì, kí ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù síbẹ̀ jáde, kí àwọn tó ń gbá sì yan ẹni tí yóò máa ju bọ́ọ̀lù fún wọn láàárín ara wọn.

Ìrànlọ́wọ́ tó yẹ ẹgbẹ́ ni kí akọ̀wé wa bá wọn gba ìwé àṣẹ pápá lọ́wọ́ Chicago Park District. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ ní Sátidé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wí kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ tó ṣú. Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni a ó ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, iye yòówù kí a jẹ́.