Kì Í Ṣe Kàbúrétọ̀ Ni Ó Ń Jẹ̀bi Nígbà Gbogbo



Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ti owó oṣù, ṣùgbọ́n ó kan owó oṣù. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń gun alùpùpù àtijọ́ wá síbi iṣẹ́, pàápàá Honda CG125, irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe jáde ní ọdún 1976. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ọdún 2023, kò sí òṣìṣẹ́ tí ó lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú alùpùpù tí ń mu epo ju bí ó ti yẹ lọ. Bí ó bá sì kú sójú ọ̀nà láàárọ̀, kúẹ́rì ni yóò máa dúró de olúwa rẹ̀ lẹ́nu géètì. Mo ti bá ọmọ ẹgbẹ́ jókòó níwájú àwọn ọ̀gá lórí irú kúẹ́rì bẹ́ẹ̀. "Alùpùpù mi ni ó kú" kì í wọ̀ wọ́n létí.

Ohun tí ó ń bí mi nínú ni pé gbogbo àìsàn alùpùpù, kàbúrétọ̀ ni a ń dì í rù. Kò sítáàtì, kàbúrétọ̀ ni. Ó ń mu epo, kàbúrétọ̀ ni. Wọn yóò tú u palẹ̀, wọn yóò fi wáyà gún un, wọn yóò ní kí o lọ ra tuntun. O ra tuntun tán, àìsàn kò lọ. Àwa aṣojú òṣìṣẹ́ mọ orúkọ irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀: agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Ẹ jẹ́ kí a pe àwọn ẹlẹ́rìí ná. Púlọ́ọ̀gì ni kí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Gun alùpùpù náà fún bí ìṣẹ́jú 10, pa á, jẹ́ kí ó tutù, kí o tú púlọ́ọ̀gì. Bí ẹnu rẹ̀ bá ní àwọ̀ bisikíìtì, epo àti afẹ́fẹ́ ṣe déédéé. Bí ó bá dúdú tí ó sì gbẹ bí ìdí ìkòkò, epo pọ̀ jù. Bí ó bá funfun bí ẹfun, epo kò tó. Èyí ni ó léwu jù, nítorí éńjìnnì yóò máa gbóná kọjá àlà títí yóò fi jó písítìnì. Ṣùgbọ́n bí púlọ́ọ̀gì kò bá ta iná dáadáa, má fọwọ́ kan kàbúrétọ̀ rárá. Wá ibi tí iná ti ń ṣẹ́ kù.

Ẹlẹ́rìí kejì ni ìdérí táǹkì. Ihò kékeré kan wà lára rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Bí ìdọ̀tí bá dí i, epo kò ní lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Alùpùpù yóò sáré dáadáa, yóò kú lójijì, bí o bá dúró díẹ̀ yóò tún sítáàtì. Nígbà tí ó bá kú bẹ́ẹ̀, ṣí ìdérí náà. Bí o bá gbọ́ "fíì", tí ó sì sítáàtì lẹ́yìn náà, o ti mú olè. Kò ná ọ ní kọ́bọ̀. Mo mọ ẹni tí ó ra kàbúrétọ̀ méjì nítorí ihò tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ.

Yẹ fíltà afẹ́fẹ́ wò pẹ̀lú, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Bí eruku bá dí i, éńjìnnì kò ní rí afẹ́fẹ́ mí, èéfín dúdú yóò sì máa jáde. Èéfín dúdú ni mo wí o. Bí èéfín CG bá ní àwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ni ó ń jó. Ẹ lọ bi ríńgì àti fáàfù.

Ìgbà yìí ni a tó lè bi kàbúrétọ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí éńjìnnì bá ti gbóná, fa ṣóòkì díẹ̀. Bí ó bá sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, yálà jẹ́ẹ̀tì ti dí, tàbí afẹ́fẹ́ ń yọ́ wọlé níbi tí kàbúrétọ̀ ti so mọ́ éńjìnnì. Fi búrọ́ọ̀ṣì ta omi ọṣẹ díẹ̀ sí ojú oríkèé náà nígbà tí éńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́. Bí ìró rẹ̀ bá yí padà, gásíkẹ́ẹ̀tì ni kí o rà. Ẹ má ṣe fi bẹntiróòlù dán an wò bí àwọn kan ti ń ṣe. Iná kò mọ ọmọ ẹgbẹ́.

Bí kò bá lè dúró jẹ́jẹ́ ṣùgbọ́n tí ó ń sáré dáadáa, jẹ́ẹ̀tì kékeré ni ó dí. Bí ó bá ń rẹ̀ ẹ́ kìkì nígbà tí o bá fún un ní iná tán pátápátá, yẹ jẹ́ẹ̀tì ńlá wò. Bí epo bá ń kán sílẹ̀ láti inú rọ́bà ìsàlẹ̀, fi ìdí sukudiráfà kan kàbúrétọ̀ náà pẹ́pẹ́. Ó lè jẹ́ ìdọ̀tí ni ó há. Bí kò bá dá, yọ fílótì, mì ín létí rẹ. Bí o bá gbọ́ epo nínú rẹ̀, ó ti lu.

Ní ti wáyà, mo bẹ̀ yín. Idẹ ni jẹ́ẹ̀tì, ó rọ̀, wọ́n sì wọn ihò rẹ̀ kí wọ́n tó lu ú. Wáyà yóò fẹ̀ ẹ́, alùpùpù yóò sì di ọ̀mùtí. Bẹntiróòlù àti páǹpù táyà tó. Kí o tó tú skúrù kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kọ́kọ́ yí i wọlé jẹ́jẹ́ títí yóò fi dúró, ka iye yíyí rẹ̀, kí o kọ ọ́ sílẹ̀.

N kò bú àwọn mẹkáníìkì. Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni wọ́n, àwa náà ni a sì máa ń dúró lé wọn lórí pé kí wọ́n ṣe kíá. Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni láti jà fún owó ọkọ̀, kì í ṣe láti kọ́ni ní iṣẹ́ mẹkáníìkì. A kò fi owó ọkọ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tí a bá jà gbà, èéṣe tí a óò fi gbé e fún ẹni tí ń ta kàbúrétọ̀ ayédèrú?

Nítorí náà, mo fẹ́ kí ẹ̀ka wa fi owó ẹgbẹ́ ra páǹpù kan, sípánà púlọ́ọ̀gì kan àti sukudiráfà méjì, kí a kó wọn sí ọ́fíìsì fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Mo ń gbé e wá sí ìpàdé gbogbogbò tí ń bọ̀. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kí ó wá sọ ọ́ níbẹ̀.