Kpata Ló Yẹ Kí Tọkọtaya Ti Bẹ̀rẹ̀ Ìrìn Lọ́kọ́ja

Bí ọkọ àti ìyàwó bá fẹ́ lọ ṣe fàájì, Dubai ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Bí owó kò bá ká a, wọ́n á ní Òkè Olúmọ, Àgbádárìgì tàbí Igbó Ọ̀ṣun. Ìlú kan wà tí àìmọye ọmọ Yorùbá ti là kọjá, tí wọn kò sùn níbẹ̀ rí. Ẹni tó ń ti Èkó tàbí Ìbàdàn lọ sí Àbújá á gba Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀ àti Òkènè já sí Lọ́kọ́ja; á sọ̀ kalẹ̀, á ra ẹja, á na ẹsẹ̀ díẹ̀, á sì padà wọkọ̀. Ìlú tó yẹ kí tọkọtaya lo ọjọ́ méjì sí mẹ́ta nínú rẹ̀ ni wọ́n ń fi ìdajì wákàtí bá lò.

Àwọn díẹ̀ tó dúró ńkọ́? Orí Òkè Patti ni wọ́n máa ń mú wọn lọ. Òkè náà ga ju 450 mítà lọ, ilé ìsinmi tí wọ́n ní Lugard, alákòóso tí Gẹ̀ẹ́sì rán wá, lò wà lórí rẹ̀, igi oṣè àtijọ́ kan sì wà níbẹ̀. Láti orí òkè yìí, èèyàn á rí ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé, tí àwọ̀ omi méjèèjì kò sì jọra. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń sọ ìtàn tó máa ń dùn mọ́ àwọn olólùfẹ́: pé Flora Shaw, akọ̀ròyìn òyìnbó kan, jókòó ti Lugard lórí òkè, ó wo odò méjèèjì, orúkọ Nàìjíríà sì sọ sí i lọ́kàn.

Ìtàn náà kì í ṣe òótọ́. Ọjọ́ 8 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897 ni Flora Shaw dábàá orúkọ yìí nínú ìwé ìròyìn The Times ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún 1902 ni òun àti Lugard tó ṣègbéyàwó, ní erékùṣù Madeira. Olú-ìlú Lugard kò sí ní Lọ́kọ́ja mọ́ nígbà náà, Zungeru ni ìyàwó sì ti bá a gbé fún ìwọ̀nba oṣù kí ara rẹ̀ tó kọ̀ ọ́. Ibi tí irọ́ yìí ti dunni jù ni pé ó sọ Lọ́kọ́ja di ẹ̀bùn ìfẹ́ òyìnbó méjì, bí ẹni pé kò sí ẹnikẹ́ni ní bèbè odò kí wọ́n tó dé.

Kpata ni bèbè odò náà. Ọjà ibẹ̀ kọjú sí omi, ọkọ̀ ojú omi ló sì ń gbé ọjà wá láti òdìkejì: ẹja tútù, ẹja yíyan, iṣu, ọkà. Nupe, Hausa, Igala, Ebira àti Bassa ń dúnàá-dúrà pọ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá fetí sílẹ̀ á gbọ́ èdè Òwórò àti ti Òkun tó jẹ́ ẹ̀ka Yorùbá, á sì mọ̀ pé ilé ara rẹ̀ lòun wà. Kí ojú ọjọ́ tó là tán ló yẹ kí tọkọtaya ti débẹ̀.

Odò yìí ló gbé ìtàn ìlú wá. Ní 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta wá láti fòpin sí òwò ẹrú, kí wọ́n sì dá oko àwòkọ́ṣe sílẹ̀ níbí. Nínú òyìnbó 145, ibà dá nǹkan bí 130 dùbúlẹ̀, ó sì pa ju 40 lọ; oko náà forí ṣánpọ́n. Ní 1854, dókítà Baikie kó ìrìn mìíràn wá pẹ̀lú oògùn kuníní, kò sì sí ẹni tí ibà pa nínú àwọn tó bá a wá. Ọmọ Òṣoogùn kan wà nínú ìrìn méjèèjì: Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821. Òun ni ilé-ẹ̀kọ́ Holy Trinity tó bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́kọ́ja ní 1865 so mọ́, ọdún kan lẹ́yìn tó di bíṣọ́ọ̀bù. Irin òmìnira wà nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà títí di òní, níbi tí wọ́n ti máa ń kéde fún ẹrú nígbà náà pé ó ti bọ́. Ẹni tí wọ́n ti tà rí ló wá dá iṣẹ́ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tú ẹrú sílẹ̀. Ìtàn wo ni òkè Patti ní tó ju èyí lọ?

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ wà nílùú náà pẹ̀lú, ti ìtàn ìjọba amúnisìn. Ó dára kí tọkọtaya wọ̀ ọ́, nítorí ní Lọ́kọ́ja ni wọ́n ti sọ àsíá iléeṣẹ́ Royal Niger Company kalẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1900, tí ti Gẹ̀ẹ́sì sì gòkè. Àmọ́ lẹ́yìn náà, kí wọ́n wá ibojì àwọn ọba tí Gẹ̀ẹ́sì rọ̀ lóyè tí wọ́n sì kó wá síbí. Aliyu ọba Kánò wà lára wọn. 1926 ló kú, jìnnà sí ààfin rẹ̀.

Àwọn kan á ní ọ̀nà Òkènè sí Lọ́kọ́ja ń bani lẹ́rù nítorí ajínigbé. Òótọ́ ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kékeré wò ó. Ojúmọmọ nìkan ni kí wọ́n rìn ín, kí ìjọba sì mọ̀ pé ààbò ọ̀nà yìí ṣe pàtàkì ju ẹnu ọ̀nà ńlá èyíkéyìí tí wọ́n lè kọ́ fún àlejò lọ. Omíyalé 2012 àti ti 2022 náà wà nílẹ̀, tí odò kún bo bèbè tó sì lé àwọn èèyàn kúrò nílé. Kò tọ́ kí àlejò máa ya fọ́tò odò, kí àwọn tó ń gbé etí rẹ̀ má rí nǹkan kan gbà níbẹ̀.

Nítorí náà, àwọn ará Kpata ni kí ìjọba Kogí kọ́ ní iṣẹ́ amọ̀nà, àwọn atukọ̀ ibẹ̀ ni kí wọ́n fún ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, kí wọ́n sì máa gbowó ọkọ̀ tí wọ́n bá fi gbé tọkọtaya lọ wo ibi tí omi ti pàdé. Kí wọ́n kọ ìtàn Crowther, irin òmìnira àti àwọn ọba náà sára pátákó ní Yorùbá, Nupe, Hausa, Igala àti Ebira. Lórí Òkè Patti, kí wọ́n kọ ọdún 1897 àti Lọ́ńdọ̀nù gàdàgbà síbi tí gbogbo ojú á ti rí i.