Ẹ̀kán Oògùn Ojú Kì Í Ṣe Ẹ̀kán Omi
Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀kán oògùn ojú fún ọmọ ọwọ́. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ojú tí a kán an sí ló máa mọ. Irọ́ ni. Ihò tíntín kan wà ní igun ojú lọ́dọ̀ imú. Ibẹ̀ ni oògùn ń gbà ṣàn sínú imú, tí yóò sì wọ ẹ̀jẹ̀ láì kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀ tí ì bá dín agbára rẹ̀ kù. Timolol, oògùn ojú tí wọ́n fi ń tọ́jú àrùn ojú tí à ń pè ní glókómà, lè mú kí ọkàn ọmọ máa lù jẹ́jẹ́, kí èémí rẹ̀ sì máa dá dúró. Brimonidine, oògùn ojú mìíràn, lè mú oorun kun ọmọ débi pé kò ní lè mí dáadáa, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ẹ má fi oògùn ojú màmá àgbà dánrawò lójú ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta oògùn, ẹ máa bèèrè ọjọ́ orí ẹni tó fẹ́ lò ó kí ẹ tó gbowó. Bí dókítà bá sì kọ oògùn ojú fún ọmọ, tí ẹ bá ti kán an tán, ẹ rọra fi ìka tẹ igun ojú lọ́dọ̀ imú fún ìṣẹ́jú 2 sí 3. Ọmọ tó bá ń sùn jù, tó kọ ọmú, ọsíbítù ló kàn.