Ìpè Ọkọ̀ Ẹrù ní Àpápá: Ohun Tó Kan Ará Jos

Yorùbá oníṣòwò tó ń tajà ní Àpáta, ní ìlú Jos, lè rò pé ọ̀rọ̀ èbúté Àpápá kò kan òun, nítorí pé ọ̀nà tó lọ láti Jos dé Èkó lé ní 800 kìlómítà. Ṣùgbọ́n ẹrù òkè òkun tó bá gba Èkó wọlé, tírélà ló sábà máa ń gbé e dé òkè Ọya. Gbogbo ọjọ́ tí tírélà bá fi dúró lásán, owó ni. Ẹni tó ra ọjà kẹ́yìn ni yóò sì san án.

Ìṣòro náà ti pẹ́. Láàárín 1974 sí 1975, ìjọba Ọ̀gágun Gowon ra sìmẹ́ńtì tó tó nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ni agbára èbúté Èkó kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù kan lọ lọ́dún. Ọkọ̀ òkun tò lọ bẹẹrẹ lójú omi, ìjọba sì ń san owó ìdádúró. Ní 1977 ni èbúté Tin Can bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ìnira náà lè dínkù. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ìlà ojú omi di ti orí ilẹ̀: títí di 2020, tírélà a máa lo ọ̀pọ̀ ọjọ́, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀, lórí afárá kó tó wọ èbúté.

Ní oṣù Kejì ọdún 2021 ni Àjọ Èbúté Ilẹ̀ Nàìjíríà gbé ìlànà tuntun kalẹ̀, tí wọ́n fi èdè Yorùbá pè ní “Ètò”. Ọlọ́kọ̀ yóò gba àyè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò sì dúró sí ọgbà ìgbọ́kọ̀sí títí wọn yóò fi pè é. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé kí iye ọkọ̀ tí wọ́n pè má ṣe ju iye tí ẹnubodè lè gbà.

Ibí yìí gan-an ni òkodoro ọ̀rọ̀ wà. Nọ́ńbà nìkan kò lè la ọ̀nà. Bí ẹ̀rọ tó ń sọ ẹrù bá bàjẹ́, tàbí tí ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù bá pẹ́, ẹni tó dé lákòókò yóò di ìdènà fún ẹni tó tẹ̀ lé e. Bí ẹnìkan bá sì gba ẹ̀bùrú wọlé, olóòótọ́ ni yóò jìyà.

Ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà. Èbúté orí ilẹ̀ ti Kaduna, tí wọ́n ṣí ní 2018, sún mọ́ Jos ju Èkó lọ. Àwọn oníṣòwò Àpáta náà ní ipa tiwọn: kí wọ́n bá ọlọ́kọ̀ fi ọjọ́ àti wákàtí sí ìgbà tí ẹrù yóò dé, kí wọ́n sì ti pèsè àyè sílẹ̀ nínú ilé ìkẹ́rùsí. Tírélà tó bá tètè sọ̀ ni yóò tètè ráyè kó pòtétò Plateau padà sí Èkó kó tó jẹrà.